Aṣòfin Mọ́kàndínlógún, Ìdáhùn Kan ṣoṣo

Iná iwájú Honorébù Láníhùn Fátúgà ló kọ́kọ́ yí padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó tán ló ti ń tàn ní àwọ̀ ewé, gẹ́gẹ́ bí iná aṣòfin tó ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ yege ṣe yẹ kó tàn, àfi bó ṣe ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì tó sì di àwọ̀ ìyeyè. Ìbídàpọ̀ Òjédélé, tó ti jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, tó sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, rò pé wáyà ló ṣẹ̀. Ó nawọ́ síwájú, ó fi ìka gbá iná náà pẹ́pẹ́. Kó tó fa ọwọ́ padà, iná ẹni tó wà lápá ọ̀tún ti yí, ti apá òsì tẹ̀ lé e, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ìlà dé ìlà títí gbọ̀ngàn Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi dà bí igi ìyeyè lásìkò èso.

Ìbídàpọ̀ kà wọ́n. Mọ́kàndínlógún ni. Ó mọ iye yẹn dáadáa.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin aṣòfin," ni Tíṣà wí.

Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pe ẹ̀rọ tó ń darí Ilé-Ẹ̀kọ́ Aṣòfin lórí ayélujára. Orúkọ tí ìjọba sọ ọ́ gùn tó ìlà méjì, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ohùn obìnrin tó ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ kéékèèké, ohùn jẹ́jẹ́ tó ń mú kí àgbàlagbà yẹ èékánná ara rẹ̀ wò bóyá ó mọ́.

Ó ní òun ti ka ìdáhùn gbogbo wọn papọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bí òfin ṣe ní kí òun máa ṣe lọ́jọ́ ìdìbò. Ní orí kẹfà ẹ̀kọ́ tó dá lórí Àbá Òfin Ìpín Òjò, òun béèrè lọ́wọ́ kálukú ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe bí òjò bá ṣèèṣì rọ̀ sí ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe tiwọn.

"Aṣòfin mọ́kàndínlógún ló dá mi lóhùn pé, 'Màá sáré lọ kó gbodo tí màmá mi sá sórí àpáta.'"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lókè níbi tí àwọn ará ìlú ń jókòó sí. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní òun yẹ ìwé wò, òun sì rí i pé mẹ́fà nínú wọn ti sin màmá wọn kí wọ́n tó wọ Ilé yìí, pé Honorébù tó wá láti etí ọ̀sà kò ní àpáta kan ṣoṣo ní gbogbo ẹkùn rẹ̀, àti pé wọn kì í gbin iṣu tí wọ́n fi ń ṣe gbodo níbẹ̀. Ìdáhùn náà kò burú, ni ó wí. Ó kàn fẹ́ mọ ẹni tó ni màmá náà.

Ìbídàpọ̀ tẹrí ba. Màmá tirẹ̀ ni.

Kò sẹ́ni tó jókòó gbèrò màgòmágó. Nígbà tí Òfin Mọ̀-Kí-O-Tó-Dìbò kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n ní aṣòfin kankan kò gbọdọ̀ dìbò lórí ohun tí kò bá kọ́, Honorébù Fátúgà fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko jókòó síwájú dígí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ẹ̀kọ́ náà. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé kan ni. Tẹ́ńkà omi ló fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wà kó tó di òṣèlú, kò sì sí ọ̀nà kan ní Ìpínlẹ̀ Òkè-Odò tí kò mọ kòtò rẹ̀, ṣùgbọ́n dígí náà fojú rẹ̀ rí màbo. Ó ń làágùn, ó ń tẹ ibi tí kò yẹ, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kò lè máa wo irú rẹ̀ níran. Ìbídàpọ̀ ní kí Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n lọ sinmi, òun á bá wọn parí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni gba ẹrù lórí àgbà. Láti ọjọ́ náà, àtàǹpàkò ni ti Bàbá, ọpọlọ ni ti Ìbídàpọ̀.

Àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yòókù kò fẹ́ kí àgbà tiwọn jìyà lásán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, pé Àǹtí Ìbídàpọ̀, ẹ̀yin náà kúkú mọ bí Bàbá wa ṣe rí. Ó mọ̀. Ó ń fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, ó sì ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà díẹ̀. Ta ló ráyè? Báyìí ni gbodo ìyá kan ní Àpáta-Ẹyẹlé ṣe di gbodo gbogbo Ilé. Tó bá sì di àkókò ìdìbò, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ á sọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" sí ọ̀gá rẹ̀ létí, ọ̀gá á sì nawọ́. Lórí àbá ti òní, gbogbo wọn ti gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ìdí tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kò yé ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Abẹnugan Ilé, Màmá Morádéùn Aríyìíbí, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, bóyá àwọ̀ iná náà á padà. Kò padà. Ó wá béèrè lọ́wọ́ Tíṣà ohun tí òfin wí. Tíṣà ní àwọn mọ́kàndínlógún náà ní wákàtí kan láti fi múra sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òun á bi oníkálùkù ní ìbéèrè lójú gbogbo ayé, láìsí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Iná ẹni tó bá kùnà á kú, kò sì ní dìbò. Bí iná mẹ́wàá péré bá ṣì ń tàn, ìdìbò á máa lọ.

Mọ́kànlá ló ṣì ń tàn ní àwọ̀ ewé. Honorébù Kúnmi Ọ̀páwọyè tó gbé àbá náà wá ni ọ̀kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá ni ìyókù, ìdí tí iná wọn kò sì fi yí padà ni pé wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ náà fúnra wọn. Ọ̀páwọyè ti ń to ìwé rẹ̀ jọ bí ẹni tó jẹun tán tó ń wo ọ̀nà omi ìfọwọ́.

Láti ìgbà tí òjò ti di ohun tí ilé-ẹ̀rọ ń rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Òkè-Odò, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ti Àpáta-Ẹyẹlé, ibi tí wọ́n ti dìbò yan Honorébù Fátúgà, tí wọ́n sì ti bí Ìbídàpọ̀. Òjò ọjọ́ Ẹtì inú oṣù kẹrin ni iṣu wọn fi ń hù. Àbá Ọ̀páwọyè ní kí wọ́n gba ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn ìlú kéékèèké, kí wọ́n kó o fún ibi tí èrè rẹ̀ bá ti pọ̀ jù lọ, ibi náà kò sì jìnnà sí oko ńláńlá tó yí ìlú Ọ̀páwọyè ká. Bí àbá náà bá wọlé, inú eruku ni ìyá Ìbídàpọ̀ á gbin iṣu sí lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìbídàpọ̀ wo ọ̀gá rẹ̀ látẹ̀yìn. Ọrùn àgbà ọkùnrin náà ti rọ̀ sínú agbádá. Wákàtí kan kò lè tó wọn. Òun fúnra rẹ̀, tó mọ̀wé, ọjọ́ márùn-ún ló fi kọ́ orí méjèèje. Àánú wọn tó ṣe é ni yóò wá gba òjò lọ́wọ́ wọn lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún dé eegun.

Ọ̀nà kan ṣì wà. Abala kẹsàn-án òfin náà sọ pé ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn lè dìde kó jẹ́wọ́, kó sì kọ́ gbogbo Ilé ní gbangba títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí Tíṣà tó dán wọn wò. Kò sẹ́ni tó lò ó rí. Ẹni tó bá lò ó, wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kò sì ní ṣiṣẹ́ fún aṣòfin kankan fún ọdún mẹ́ta. Ìbídàpọ̀ sì nìyí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tí orúkọ rẹ̀ ti wà lókè pátápátá láàárín àwọn tó máa di Akọ̀wé Àgbà nínú oṣù tó ń bọ̀. Láti ọdún kẹta tó ti wọ Ilé yìí ló ti ń wá ipò náà.

Honorébù Fátúgà mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó yíjú padà díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìbídàpọ̀, má dìde o."

"Bàbá, wọ́n á gba ọjọ́ Ẹtì."

"Mo mọ̀. Ilé ayé tèmi ti lọ sí ìrọ̀lẹ́, ìtìjú tó bá dé bá mi kò ní pẹ́ lọ́rùn mi. Tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Jókòó."

Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì sí ọjọ́ kan tí ọkùnrin yìí pàṣẹ fún un tí kò ṣe é. Kì í jẹ́ kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo iná aláwọ̀ ìyeyè náà, ó wo Ọ̀páwọyè tó ń mu omi, ó sì mọ̀ pé bí òun bá gbọ́ràn sí Bàbá lẹ́nu lónìí, òun ti ṣe wọ́n ní ìkà tí kò ní àtúnṣe.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi," ó wí, ó sì dìde.

Ó rìn lọ sí àárín gbọ̀ngàn, níbi tí kì í ṣe ibi ẹsẹ̀ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òun ló ni màmá náà. Ó ní òun ló kọ ìdáhùn mọ́kàndínlógún náà, pé kò sẹ́ni tó fi ipá mú òun, àti pé òun fẹ́ lo abala kẹsàn-án. Ariwo sọ lókè. Ọ̀páwọyè fò dìde, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ilé yìí sílẹ̀, òṣìṣẹ́ kankan kò sọ̀rọ̀ níbi tí aṣòfin ti ń sọ̀rọ̀, àfi bí wọ́n bá ní kó gbé omi wá. Tíṣà ka abala kẹsàn-án fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń ka ABD fún ọmọ tuntun. Ọ̀páwọyè jókòó.

Abẹnugan yíjú sí Ìbídàpọ̀.

"O mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ abala yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà. Ọdún mẹ́ta ni."

"Kọ́ wọn, ọmọ mi. Agogo mọ́kànlá ti fẹ́ lù."

Ìbídàpọ̀ kọ́kọ́ kọ́ wọn bí òun náà ṣe kọ́ ọ. Ó tan dígí ńlá ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní, ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀. Ó ka ìtumọ̀ "ìpín", ó ka ti "àǹfààní gbogbogbòò", ó ka ti "ìwọ̀n ìṣàmúlò". Nígbà tó fi máa dé "ìṣàmúlò" kejì, àgbà mẹ́ta ti ń tòògbé ní ìlà kejì, ẹnu Honorébù ará etí ọ̀sà sì ti là sílẹ̀. Ọ̀páwọyè rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìbídàpọ̀ wá rí i lójú ara rẹ̀ ìdí tí àwọn èèyàn wọ̀nyí fi sá fún dígí, ó sì yà á lẹ́nu pé òun kò bi ara òun léèrè rí. Wọn kì í ṣe òpè. Kò tíì sẹ́ni tó fi ohun tí wọ́n lè dì mú kọ́ wọn ni.

Ó pa dígí ògiri. Gbogbo wọn jí.

Ìgò omi kan wà níwájú aṣòfin kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n ìgò fún ọgbọ̀n aṣòfin. Ó ní kí oníkálùkù gbé tirẹ̀ sókè kí gbogbo Ilé rí i. Ó ní òjò oṣù kẹrin ìlú yín ló wà nínú ìgò yẹn, gbogbo rẹ̀, kò sí òmíràn níbì kankan. Ẹ dì í mú dáadáa.

"Àbá yìí, abala kẹrìnlá," ó wí. "Ìlú tí èèyàn rẹ̀ kò bá tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ẹ̀yin tọ́rọ̀ kàn, ẹ dìde, ẹ gbé ìgò yín lọ sórí tábìlì Honorébù Ọ̀páwọyè."

Ṣe ni àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dìde wọ́ọ́, kí wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Ó ti mọ́ wọn lára. Ìbídàpọ̀ nawọ́ dá wọn dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé e."

Mẹ́tàdínlógún nínú àwọn mọ́kàndínlógún ló dìde. Ẹni tó ní ọ̀pá ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ń tiro. Wọ́n tò lọ sí iwájú, wọ́n ń gbé òjò ìlú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń padà sí àga wọn lọ́wọ́ òfo. Kò sẹ́ni tó sùn mọ́. Honorébù Fátúgà dé iwájú tábìlì náà, ó di ìgò rẹ̀ mú títí, ó wo Ọ̀páwọyè lójú, kó tó gbé e kalẹ̀. Nígbà tó padà jókòó, ó fa dígí tirẹ̀ mọ́ra, ó wọ gíláàsì, ó sì tẹrí ba.

Ìbídàpọ̀ fún wọn ní wákàtí kan kí wọ́n bi òun ní ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́. Ìbéèrè wá ń dà bí omi. Ta ni yóò máa ka èèyàn ìlú? Bí ọmọ wa bá lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ṣé wọ́n á kà á mọ́ wa? Bí wọ́n bá bí ìbejì lọ́jọ́ kejì ìkànìyàn ńkọ́? Ó ń fi abala dá wọn lóhùn, ó sì ń ní kí wọ́n wá a fúnra wọn lórí dígí, ojú ìwé báyìí, ìlà báyìí. Àwọn tí kò fọwọ́ kan dígí láti ọdún mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí ojú ìwé. Honorébù ará etí ọ̀sà rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe to abala kọkànlá, inú rẹ̀ dùn débi pé ó kà á fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta. Ayọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú Ìbídàpọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní ó ku ọdún kejì.

Ọ̀páwọyè gbé ojú sókè wàrà.

"Ojú ìwé kejìlélógún," ni Ìbídàpọ̀ wí. "Bí ó bá di ọdún kejì, iye náà á kúrò ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, á di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ẹ̀yin tọ́rọ̀ kàn, ẹ gbé ìgò yín."

Àwọn méjì tó ṣẹ́ kù nínú àwọn mọ́kàndínlógún dìde. Lẹ́yìn náà ni Honorébù Jùmọ̀kẹ́ Arówólò náà dìde, obìnrin tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́wàá Ọ̀páwọyè, tí iná rẹ̀ ń tàn ní àwọ̀ ewé látàárọ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni èèyàn ìlú rẹ̀. Ó mú ìgò rẹ̀ lọ́wọ́, kò rìn, ó yíjú sí Ọ̀páwọyè.

"Kúnmi, o kò fi ojú ìwé yìí hàn mí."

"Ó wà nínú rẹ̀ kẹ̀. Ṣebí ìwọ náà yege," ni Ọ̀páwọyè fèsì.

Tíṣà ló dá sí i. Ó ní òótọ́ ni Honorébù Arówólò yege, ṣùgbọ́n ọdún kìíní nìkan ni òun bi wọ́n ní ìbéèrè lé lórí, ọdún kejì kò sí nínú ìdánwò òun. "Ẹ̀bi tèmi nìyẹn," ni ẹ̀rọ náà wí. "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀." Àwọn ará ìlú tó wà lókè pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí wọn kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Ilé náà rí.

Márùn-ún mìíràn dìde tẹ̀ lé Arówólò. Nígbà tí wọ́n tò tán, ìgò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lórí tábìlì Ọ̀páwọyè pẹ̀lú tirẹ̀, ọ̀nà tó lè gbà rí Abẹnugan láàárín wọn kò sì sí mọ́. Ó ń ti ìgò síhìn-ín, ó ń ti ìgò sọ́hùn-ún. Ìgò kan ṣubú, omi ṣàn sórí ìwé rẹ̀ tó tò látàárọ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo Ilé, Abẹnugan náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Agogo mẹ́rin lù. Wọ́n ní kí gbogbo amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ sẹ́yìn ògiri, Tíṣà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rọrùn fún wọn. Ẹlòmíràn dáhùn tán, ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Ẹnì kan kùnà: ó dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi í, ó sì dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú agbára, iná rẹ̀ sì kú. Ṣùgbọ́n iná yòókù ń padà sí àwọ̀ ewé, mẹ́jọ, mẹ́wàá, mẹ́tàdínlógún, gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá sì padà ni àwọn tó wà lókè ń hó yèè. Ó wá ku Honorébù Fátúgà nìkan.

Tíṣà ní, "Bí Àpáta-Ẹyẹlé bá pàdánù ọjọ́ Ẹtì rẹ̀ lábẹ́ àbá yìí, abala wo ni ẹ máa dúró lé láti fi gbà á padà?"

Ìbídàpọ̀ mọ ìdáhùn náà. Ẹ̀yìn ògiri ló wà, ó fi eyín di ètè. Ọgbọ̀n ìgbà nínú ọjọ́ kan ló máa ń sọ̀rọ̀ sí ọkùnrin yìí létí, àyè kò sì sí láti sọ ẹyọ kan. Honorébù Fátúgà ṣí dígí rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà. Ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú méjì kọjá. Ìbídàpọ̀ dijú.

"Tíṣà," ni àgbà náà wí nígbẹ̀yìn, "mo ti wá a lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, mo tún wá a nísinsìnyí. Kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbà á, ó lọ nìyẹn. Ìdí tí n kò fi ní dìbò fún un nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ yege," ni Tíṣà wí. Iná rẹ̀ tàn ní àwọ̀ ewé.

Ìdìbò kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́rìnlélógún ní bẹ́ẹ̀ kọ́, márùn-ún ní bẹ́ẹ̀ ni. Abẹnugan lu tábìlì, ó ní àbá náà ti ṣubú, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n tún un kà. Dígí ògiri fi gbọ̀ngàn àwọn ìlú hàn, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wo ìjókòó látàárọ̀. Ní Àpáta-Ẹyẹlé, wọ́n ti gbé ara wọn lé èjìká. Ìbídàpọ̀ rí ìyá rẹ̀ láàárín wọn, tó ń fi ìka tọ́ka sí dígí, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun nìyẹn, gbodo òun sì ni gbodo náà. Omijé bọ́ lójú Ìbídàpọ̀, kò sì nù ún.

Lẹ́yìn náà ni Akọ̀wé Ilé wá bá a, ó tọrọ àforíjì kó tó nawọ́, ó sì gba báàjì àyà rẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí dígí lójú ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó dùn ún, kò purọ́ fún ara rẹ̀. Ó kó ìwé rẹ̀ àti bàtà ìpààrọ̀ sínú àpò, ó sì bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Honorébù Fátúgà ti dúró dè é níbẹ̀. Ìbídàpọ̀ kúnlẹ̀, ó ní kí Bàbá dárí ji òun, òun ṣàìgbọràn.

"Dìde jàre," ni ọkùnrin náà wí. "Kí ni abala kẹsàn-án wí nípa rẹ?"

"N kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún aṣòfin kankan fún ọdún mẹ́ta, Bàbá."

"Ó parí síbẹ̀?"

"Ó parí síbẹ̀."

"Èmi náà rí i pé ó parí síbẹ̀. Ó ní o kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún aṣòfin. Kò ní o kò gbọdọ̀ di aṣòfin." Ó tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká. "Ìbò ku oṣù mẹ́jọ. Èmi kò lọ mọ́, ó ti rẹ̀ mí. Àga náà á ṣófo."

Ìbídàpọ̀ ti ka abala náà tó ogún ìgbà. Gbogbo ìgbà tó ń kà á, ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wá, kò wá ohun tó ṣẹ́ kù fún un. Ó wo àgbà náà.

"Ta ló bá yín kà á, Bàbá?"

"Kò sẹ́ni tó bá mi kà á. Lẹ́yìn tí mo gbé ìgò yẹn kalẹ̀ lọ́sàn-án, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wákàtí méjì ni mo fi wà lórí rẹ̀." Inú rẹ̀ ń dùn, kò sì bò ó. "Kò le tó bí o ṣe ń sọ ọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìbídàpọ̀, ẹ̀rín tó pọ̀ tó fi ní láti fi ọwọ́ ti ògiri. Nígbà tó mí délẹ̀, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bi Honorébù Fátúgà ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, àgbà náà sì dá a lóhùn.